Ẹ Bá Mi Di Ìdí Irun Rẹ̀ Mú

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Jọláyẹmí kọ́kọ́ rí Ọláfimíhàn, ọkùnrin náà dúró nínú òjò wínníwínní ní gáréèjì Ìkìrun, ó gbá apẹ̀rẹ̀ kan mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ tuntun mọ́ra, ó fi ìró obìnrin bo apẹ̀rẹ̀ náà, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń ké.

Òun fúnra rẹ̀ ni òjò ń pa. Apẹ̀rẹ̀ kò tutù.

Ohun tó kọ́kọ́ mú ojú Jọláyẹmí nìyẹn. Ọmọ ọmọ mi ni Jọláyẹmí, onídìrí ni ní Inísà. Ó wá ra òwú àti kóòmù ní Ìkìrun ni, ó sì ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e padà sílé. Ó rí i pé àwọn èèyàn kún abẹ́ páànù, àyè sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé ọkùnrin náà síta nítorí ohun tó gbé dání.

Ọkùnrin náà bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀. Ọlọ́kadà yẹn gbọn orí.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé ewúrẹ́, mo ti gbé páànù, mo ti gbé pósí òfìfo rí. Ológbò nìkan ni mi ò gbé."

"Kò ní jáde, ó ti dàgbà. Ilé wa ò jìnnà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Tí kò bá jìnnà, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín."

Jọláyẹmí kúrò lábẹ́ páànù, ó lọ bá a nínú òjò. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó."

"Ẹ̀rù ń bà á. Ó lè ha yín lọ́wọ́."

"Àwọn ọmọdé tí mò ń dirí fún ti bù mí jẹ títí. Ẹ ṣí i."

Ó ká etí ìró náà sókè díẹ̀. Ológbò ńlá kan ló wà níbẹ̀, ó dúdú bí eérú tí omi pa, àyà rẹ̀ funfun. Irú ológbò tiwa tó ń pa èkúté nínú àká kọ́ nìyí. Irun ara rẹ̀ gùn bí ìka ọwọ́, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra, ó ti ta kókó, ó di ìdì ìdì lẹ́yìn etí, ní ikùn, ní abẹ́ apá. Ó le bí okùn tí òjò pa tí oòrùn sì gbẹ. Ẹran náà ń gbọ̀n. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Jọláyẹmí wò ó pẹ́. Ó ní, "Ta ló fi omi fọ̀ ọ́?"

Ojú ti ọkùnrin náà. "Èmi ni. Àwọn ará àdúgbò ní ó ti di dàda, wọ́n ní kí n gbé e lọ sódò, kí n wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ orí ọmọ dàda, pé yóò tú fúnra rẹ̀. Mo wẹ̀ ẹ́. Ó tún wá le sí i."

"Omi ló dè é."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni dókítà ẹranko wí. Òṣogbo ni a ti ń bọ̀. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, pé bí òun bá fún un lábẹ́rẹ́ oorun kí òun fi fá a, ó lè má jí mọ́. Ó ní kí n lọ wá ọwọ́ tó ní sùúrù, kí ó máa tú u díẹ̀díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Níbo ni wọ́n ti ń ta ọwọ́ bẹ́ẹ̀?"

Jọláyẹmí gbé àpò òwú rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹ máa lọ níwájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọkọ̀ Inísà kò ní tán."

Wọ́n ń rìn lọ nínú òjò. Ojú ọ̀nà ni Fimíhàn, bí a ṣe ń pè é, ti sọ fún un pé ìṣirò lòun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé gíga kan nínú ìlú, pé nọ́ọ̀sì ni ìyá òun nígbà kan ní Jos, pé òyìnbó dókítà obìnrin kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló gbé ẹran náà lé ìyá náà lọ́wọ́ níbẹ̀.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Jemima."

Jọláyẹmí dúró. "Orúkọ ọmọ Jóòbù ni ẹ fún ológbò?"

"Òyìnbó ló sọ ọ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ló ti ń jẹ́ ẹ."

"Ṣé wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un?"

"Èmi ni mo ṣe é. Lódò, lọ́jọ́ tí mo sọ fún yín yẹn."

Jọláyẹmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kúrò lójú rẹ̀, nítorí Fimíhàn sọ ìyókù. Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ gúnlẹ̀, ohun tó fi lé e lọ́wọ́ kẹ́yìn nìyí: kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé Jemima jù. Obìnrin yẹn mọ ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ, ẹran yẹn nìkan ni yóò máa bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, bàbá náà kò sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ káàárọ̀," àfi bó bá rò pé òun àti ológbò nìkan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹran náà pẹ̀lú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yarun fún òun mọ́.

Bàbá Adépọ̀jù ló ń jẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àga kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tìmùtìmù orí rẹ̀ ṣì tẹ̀ wọlé bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Bí wọ́n ṣe sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, Jemima fò jáde, ó sá wọ abẹ́ àga yẹn.

"Ta nìyí?" Bàbá náà ló bi ọmọ rẹ̀.

"Onídìrí ni, bàbá."

Bàbá fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó pá, ó wo ti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gé mọ́lẹ̀. "Irun ta ló fẹ́ dì nínú ilé yìí?"

Jọláyẹmí kúnlẹ̀. "Ti Jemima ni, sà."

Bàbá náà wo abẹ́ àga. "Ìyàwó mi ló máa ń yà á fún un," ó wí. "Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn án kẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kàn án."

"Mi ò ní gé e, sà. Títú ni n ó tú u."

Báyìí ló ṣe di pé Jọláyẹmí ń wá sí Ìkìrun ní ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti ṣe ìsìn tán.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, kò fọwọ́ kan ẹran náà rárá. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìró ìyá Fimíhàn, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kẹ̀yìn sí àga. Ó ń já òwú jẹ́jẹ́, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ahọ́n.

Fimíhàn dúró títí. "Ṣé o ò ní bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Mo ti bẹ̀rẹ̀."

Ọjọ́ mìíràn, Jemima yọrí. Ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó gbọ́ òórùn ìró náà, ó gun orí itan, ó ká jọ síbẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Jọláyẹmí jẹ́ kí ó gbọ̀n. Ó bu ìyẹ̀fun àgbàdo tó kúnná sí ìdì kan ṣoṣo, ó fi ìka rẹ̀ pa á wọnú irun, ó wá fi ọwọ́ òsì di ìdí irun náà mú típẹ́típẹ́ níbi tó ti wù jáde lára, kí fífà má baà dé awọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń tú u láti òkè wá, fọ́nrán kan, fọ́nrán kejì. Bí ìrù ẹran náà bá ti mì, yóò dáwọ́ dúró. Yóò dúró títí ìrù yóò fi sinmi.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Dàda ni wọ́n bí Jọláyẹmí. Irun orí rẹ̀ takókó láti inú wá, a kì í sì í fi irun dàda ṣeré lọ́dọ̀ wa. Ìyá ọmọ nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ọmọ mi kò jẹ́ kí èmi gan-an tó bí i fọwọ́ kan orí ọmọ yẹn. Nígbà tí àkókò tó láti sọ irun náà kalẹ̀, ó di ìdí irun mú lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì gé e, ọmọ náà sùn lọ lórí itan rẹ̀. A se ẹ̀wà, a bẹ ìrèké, a pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò, ó parí.

Jọláyẹmí kọ́ Fimíhàn náà ní ìdí irun dídìmú, nítorí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ọwọ́ mẹ́rin nígbà mìíràn.

"Tíṣà, ẹ má fà á. Irun ni, kì í ṣe ìṣirò."

"Ìṣirò kì í buni jẹ."

"Ó bù mí jẹ ní ilé-ìwé. Ìdí tí mo fi kọ́ṣẹ́ irun nìyẹn."

Bàbá Adépọ̀jù gbọ́, ó rẹ́rìn-ín sínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Fimíhàn gbójú sókè, nítorí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Àyà Jemima tú. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ tú. Irun tó ti le bí okùn wá ń rọ̀ bí òwú, ó ń fò kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ọyẹ́. Ọwọ́ Fimíhàn àti ọwọ́ Jọláyẹmí ń pàdé lára ẹran náà, wọn kì í sì í yára yẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń sìn ín lọ sí gáréèjì, Fimíhàn ní, "Irun Jemima ti ń tán lọ."

"Ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀."

"Bó bá tú tán, kí ni n ó fi máa pè ọ́ wá?"

Jọláyẹmí wo ilẹ̀. "Ẹ pè mí lórúkọ mi. N ó wá."

"Jọláyẹmí."

"Sà?"

"Mo kàn ń dán an wò ni." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo àwọn ọlọ́kadà. "Jọlá mi, mo fẹ́ kí o wá, kí o má sì padà mọ́."

Nígbà tí Jọláyẹmí wọ ọkọ̀ tán ló yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ wá bá màámi sọ ọ́ ní Inísà. Ẹ má gbé apẹ̀rẹ̀ wá o."

Kí Fimíhàn tó lọ ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti rí irun funfun gígùn kan lára búláòsì ọmọ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà ló máa ń jókòó, tó ń bá a tú irun àtijọ́ lórí àwọn tó fẹ́ dì tuntun, nítorí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dúró dirí mọ́. Ó mọ irun. Ó gbé e sí ojú oòrùn.

"Dàda mi, irun kí nìyí?"

Jọláyẹmí kò purọ́ fún ìyá rẹ̀ rí. Ó sọ fún un.

N ó sọ èyí wẹ́rẹ́, nítorí ó ṣì ń dùn wá. Kí wọ́n tó bí Jọláyẹmí, Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti bí ọmọkùnrin kan, Ìyanuolúwa. Ọmọ náà ti ń sáré kiri nígbà tí ibà kọlù ú. Ìyá rẹ̀ fún un ní àgbo, ó fún un ní oògùn tó wà nílé, ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ òun yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ológbò kan wá ń ké lórí òrùlé. Ó ké, ó ké. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ti lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ológbò bá gba ẹnu ọ̀nà Ọ̀ṣúnkẹ́mi kọjá, yóò wọlé, yóò ti ilẹ̀kùn.

Fimíhàn dé Inísà, ó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀ṣúnkẹ́mi fẹ́ràn rẹ̀. Ó fún un lómi, ó bi í nípa ìyá rẹ̀ tó kú, omi lé ròrò sí i lójú. Ó wá ní, "Ọmọ mi, mi ò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ. Ohun kan ni mo fẹ́. Gbé ẹran yẹn kúrò nílé kí ọmọ mi tó wọ ibẹ̀."

Fimíhàn gbé ife omi sílẹ̀. "Ìyá mi ló fi lé mi lọ́wọ́, mà."

"Mo gbọ́. Mi ò bú ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún mi láyé."

Ó padà sí Ìkìrun, kò lè sùn, kò lè kọ́ àwọn ọmọ. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní òun ní oko lọ́nà Èkò-Èǹdé, pé kí ó gbé ológbò náà síbẹ̀, èkúté pọ̀. Fimíhàn rò ó títí. Ó wá sọ́dọ̀ Jọláyẹmí ní ṣọ́ọ̀bù, ó sọ fún un lẹ́yìn ilé.

"Wọ́n á máa fún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó tún ń dí wa lọ́nà."

Jọláyẹmí wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. "Jemima tí ìró ìyá yín nìkan ló lè sùn lé? Nínú oko?"

"Kí ni kí n ṣe, Jọlá? Ìwọ ni mo fẹ́."

"Mo mọ̀. Ìdí tí n kò fi ní gbà nìyẹn. Ẹni tó bá lè gbé ohun tí ìyá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ jù nítorí mi, lọ́jọ́ kan yóò gbé èmi náà jù nítorí ẹlòmíràn." Omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Mi ò lè kọjá ọ̀rọ̀ ìyá mi. Ẹ̀yin náà ò gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ìyá yín. Ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó padà síbi orí tó ń dì, ó dì í tán, ó sì tẹ́jú.

Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ọ̀ṣúnkẹ́mi wọkọ̀ wá bá mi ní Òkúkù. Ó ní ọmọ náà kò bá òun jà, kò yanu, pé ó kàn ń ṣiṣẹ́ ni, ó sì ń rù. Ó ní kí n bá òun dá sí i.

Mo ní, "Ọ̀ṣúnkẹ́mi, kí ló pa Ìyanu?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ibà ni, màámi."

"Èwo wá ni ti ológbò?"

Ó ní, "Màámi, bí kì í bá ṣe ológbò, èmi ni. Èmi ni mo ní kí ilẹ̀ mọ́."

Mo gbé orí rẹ̀ sórí itan mi, àgbàlagbà obìnrin tó ti ní ewú, mo sì ń fọwọ́ pa irun rẹ̀ títí tí ọkọ̀ Inísà fi dé.

Kò pẹ́ sí i ni Bàbá Adépọ̀jù fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Jọláyẹmí ní òwúrọ̀, ó dé fìlà, ó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn oníbàárà dákẹ́. Ọ̀ṣúnkẹ́mi kò sí níbẹ̀, ó lọ sí ọjà.

Bàbá náà ní, "Ọmọ mi, mi ò wá tọrọ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ Jemima ni mo bá wá. Ìdì tó kù lábẹ́ apá rẹ̀ ti jẹ ẹ́ wọ ẹran ara, kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò jẹun. Fimíhàn gbìyànjú, kò rí i ṣe." Ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí. "Mo mọ̀ pé onídìrí kì í dì àbọ̀ orí kó fi àbọ̀ sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń bẹ̀ ọ́."

Òótọ́ ni. Èèwọ̀ iṣẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Bí ìjà ń jà, bí òkú ń kú, onídìrí yóò parí orí tó bẹ̀rẹ̀. Jọláyẹmí mú sísọ́ọ̀sì kékeré tó mú, ó ní kí aládùúgbò rẹ̀ sọ ibi tóun lọ fún ìyá òun, ó tẹ̀ lé bàbá náà.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi ti ọjà dé, ó gbọ́. Kò tíì sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ dáadáa tó fi ké sí ọlọ́kadà. Ìdí tó fi ń lọ sí Ìkìrun ni pé kí ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde kúrò nínú ilé yẹn, kí ó sì ti ọ̀rọ̀ náà pa.

Ó bá ẹnu ọ̀nà ní ṣíṣí. Ó gbọ́ igbe ẹran náà láti ìta, irú èyí tó gbọ́ lórí òrùlé lóru tí Ìyanu kú gan-an. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìró wà lórí itan rẹ̀, ológbò náà dùbúlẹ̀ sórí ìró, ó na apá kan sókè, ó ń gbọ̀n. Ìdì irun kan tó tó ẹ̀kúnwọ́ ló wà lábẹ́ apá náà, awọ abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń tú omi. Bàbá Adépọ̀jù kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ń di apá ẹran náà mú. Fimíhàn wà ní ilé-ìwé.

"Ṣé kí n gé e, sà?" Jọláyẹmí kò yí ojú padà. "Kò ní tú mọ́. Ó ti wọra. Mo ṣèlérí pé mi ò ní gé e, àfi bí ẹ bá gbà."

Bàbá náà di ojú rẹ̀. Irun tí ìyàwó rẹ̀ yà kẹ́yìn ló kù níbẹ̀. "Gé e," ó wí. "Bí ìyàwó mi bá mọ̀ pé mo fi irun tó yà pa Jemima lára, kò ní dárí jì mí."

Jọláyẹmí mú sísọ́ọ̀sì, ó gbé e sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ló ń di ẹran náà mú, èyí tó kù kò tó. Bó bá gé e láìdi ìdí rẹ̀ mú, awọ yóò bá a lọ. Ìgbà náà ló rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Kò bẹ̀ ẹ́. Kò ṣàlàyé. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́.

"Màámi, ẹ bá mi di ìdí irun rẹ̀ mú."

Ọ̀ṣúnkẹ́mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò mọ ìgbà tí òun rìn débẹ̀. Ó ní ojú òun wà lára awọ tó ń fà, òun kò sì lè rí i kí irun máa fa awọ kí ọwọ́ òun dúró jẹ́ẹ́. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó. Ó fi ìka méjì wọ abẹ́ ìdì náà, ó wá ìdí irun rí, ó dì í mú, ó sì tì í sẹ́yìn díẹ̀ kí awọ lè sinmi.

"Gé e báyìí," ó wí. "Lókè ìka mi. Díẹ̀díẹ̀."

Sísọ́ọ̀sì ń gé. Igbe náà dínkù. Ó di ìmí. Ìdì náà já bọ́ sórí ìró, apá ẹran náà sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó nà án, ó tún ká a. Jọláyẹmí fi òróró pa ojú ibi tó pọ́n. Ọ̀ṣúnkẹ́mi kò tíì mú ọwọ́ kúrò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Kí ló ń kùn nínú rẹ̀ yìí?"

"Bí ara bá tù ú ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, màámi. Ọpẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

"Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀." Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ìhà ẹran náà, ó ń gbọ́ ọ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. "Igbe nìkan ni mo mọ̀ mọ́ wọn."

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó sọ ọ̀rọ̀ Ìyanu fún bàbá tí kò mọ̀ rí, ó sọ ọ́ pátá, ó sọ ti àgbo, ó sọ ti pé òun ní kí ilẹ̀ mọ́. Bàbá Adépọ̀jù gbọ́ ọ tán. Ọkùnrin tí kò bá ènìyàn sọ̀rọ̀ mọ́ ni, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn.

"Màmá Jọláyẹmí," ó wí, "ọmọ ọlọ́mọ tó kú mọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù pọ̀. Òun tó ní oògùn, tó ní abẹ́rẹ́. Yóò délé, kò ní jẹun. Ohun tó máa ń sọ ni pé ibà ọmọdé yá lẹ́sẹ̀ ju ìyá lọ. Ẹ̀yin kọ́. Kì í sì í ṣe ológbò."

Èjìká Ọ̀ṣúnkẹ́mi tó ti ká sókè láti ọdún wọ̀nyí wá rọra wálẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn nígbà tí Fimíhàn ti ilé-ìwé dé, ẹfun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Jọláyẹmí. Ó rí Ọ̀ṣúnkẹ́mi, pẹ̀lú Jemima lórí itan rẹ̀. Ó sọ àpò sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," Ọ̀ṣúnkẹ́mi wí. "Ọwọ́ mi ò ṣófo, mi ò lè fà ọ́ dìde."

Ó dìde. Kò mọ ibi tí yóò dúró sí.

"Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló fẹ́ da irun yìí nù?" Ìdì tí wọ́n gé ló ń tọ́ka sí. "Ẹ má dán an wò. A kì í da irun dàda nù bí ìdọ̀tí. Ẹ wá ìkòkò kékeré kan tí n ó kó o sí fún mi, kí ẹ sì lọ ra ẹ̀wà àti ìrèké. Àwọn ará àdúgbò tó ní kí o gbé e lọ sódò, kí wọ́n kó ọmọ wọn wá jẹ ẹ́."

"Ẹ ṣé, mà," ni Fimíhàn ń wí. "Ẹ ṣé, mà."

"Mi ò tíì parí." Ó wò ó tààrà. "Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Inísà láti wá tọrọ ọmọ mi, kí bàbá rẹ wá, kí àwọn ẹbí rẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ má ti Jemima mọ́lé nìkan. Ẹ wá ẹni tí yóò jókòó tì í. Kò fẹ́ràn kó dá wà."

Fimíhàn kọjú sí Jọláyẹmí. Ó nawọ́ sí i lójú àwọn àgbà méjèèjì, ọwọ́ ẹlẹ́fun, ó sì bi í bóyá yóò wá, kí ó má sì padà mọ́. Ọmọ náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó fi lé e.

"Mo ti wá," ó wí.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nínú ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Èmi ni wọ́n gbé jókòó síwájú, mo sì súre fún wọn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Jemima wà láyé, ó ti di arúgbó bíi tèmi, irun rẹ̀ ń tàn.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi máa ń wọkọ̀ lọ sí Ìkìrun ní ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní ọmọ òun lòun ń lọ wò. Ṣùgbọ́n Jọláyẹmí sọ fún mi pé kí ìyá òun tó mu omi, ó ti máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yẹn, ó ti tẹ́ ìró sórí itan, ó sì ti ń dúró de Jemima.